Gbígba agbára oòrùn sínú bátìrì lítíọ̀mù nínú ọkọ̀ ojú omi

Gbígba agbára oòrùn sínú bátìrì lítíọ̀mù nínú ọkọ̀ ojú omi ni ètò tí a fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná nípasẹ̀ páńẹ́ẹ̀lì sólà tí a tò sórí ọkọ̀, tí a sì ń tọ́jú iná náà sínú bátìrì fún àtùpà, fóònù, ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ àti, nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Oríṣi bátìrì tó wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ yìí ni lítíọ̀mù-irin-fọ́síféètì, tí wọ́n ń kọ ní LiFePO4 tàbí LFP. Kì í tètè gbiná bí àwọn oríṣi tó ní kóbáltì nínú, ó sì fúyẹ́ ju bátìrì olójé lọ dáadáa.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé bátìrì lítíọ̀mù-áyọ́nù jáde fún títà ní ọdún 1991. Ní ẹ̀wádún yẹn kan náà ni àwọn olùwádìí tó ń bá John Goodenough ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas fi hàn pé LFP ṣeé lò nínú bátìrì. Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ní 2019. Lórí omi, ọkọ̀ tó sọ ètò yìí di mímọ̀ ni Tûranor PlanetSolar, tó gbéra ní Monaco ní oṣù Kẹsàn-án 2010, tó sì padà síbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2012 lẹ́yìn tó ti fi agbára oòrùn yí ayé ká. Páńẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ fẹ̀ tó 537 m², bátìrì lítíọ̀mù rẹ̀ sì wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 8.5. Ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ orí omi ní Mákòkó, tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 2013, tó sì wó ní oṣù Kẹfà 2016, ní páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ni, kì í ṣe ọkọ̀.

Lítíọ̀mù àti Ìjerò-Èkìtì

Lítíọ̀mù ni mẹ́tàlì tó fúyẹ́ jù lọ. Inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á ní Nàìjíríà. Ìjerò-Èkìtì, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mọ̀ dáadáa fún pegmatite, ìyẹn òkúta tí hóró rẹ̀ tóbi, tó ní lepidolite aláwọ̀ àlùkò àti spodumene nínú. Kí ariwo lítíọ̀mù tó gba ayé kan ni wọ́n ti ń wa tantalite àti cassiterite, tí wọ́n ń yọ tánganran lára rẹ̀, níbẹ̀. Ìlú orí òkè ni Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Kò sí ọ̀sà lẹ́bàá wọn, síbẹ̀ ohun tí ọkọ̀ ọ̀sà ń wá wà nínú ilẹ̀ agbègbè náà. Òkúta lásán kò lè gba iná dúró, ó di ìgbà tí wọ́n bá yan án nínú iná gbígbóná, tí wọ́n sì fi ásíìdì yọ lítíọ̀mù inú rẹ̀ kí ó tó wúlò fún bátìrì.

Ìṣirò

Ohun tí ọkọ̀ ń lò lóòjọ́ ni a kọ́kọ́ ń ṣírò. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ apẹja kan: àtùpà LED 10 wáàtì fún wákàtí 10 jẹ́ 100, ẹ̀rọ tí ń wá ẹja, 10 wáàtì fún wákàtí 6, jẹ́ 60, fóònù méjì jẹ́ 30, ẹ̀rọ ìfami 40 wáàtì fún ìdajì wákàtí jẹ́ 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210 wáàtì-wákàtí. Oòrùn ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà máa ń tó wákàtí 4 sí 5 ti oòrùn kíkún lóòjọ́, ṣùgbọ́n nígbà òjò ó lè wálẹ̀ sí 3. Páńẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì yóò mú 300 wá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ ìdá 30 nínú 100 fún ooru, eruku àti wáyà, ó ku 210, ìyẹn gẹ́lẹ́ ohun tí ọkọ̀ náà ń lò. Ìgbà òjò ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bátìrì LFP 12.8 fóòtì, 50 Ah, ní 640 wáàtì-wákàtí nínú. A lè lo ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ láìbà á jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ni a sábà máa ń lò nínú bátìrì olójé.

Kọ̀ntírólà

Páńẹ́ẹ̀lì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń náwó lé, ṣùgbọ́n kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, ni ó ń pinnu bí bátìrì yóò ṣe pẹ́ tó. Oríṣi méjì ló wà. PWM máa ń fa fóòtì páńẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ dé ti bátìrì: páńẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì tí ń ṣiṣẹ́ ní 18 fóòtì àti 5.5 áḿpù yóò fún bátìrì tó wà ní 13.3 fóòtì ní nǹkan bí 73 wáàtì péré. MPPT a máa yí fóòtì tó ṣẹ́kù padà sí áḿpù, kò sì ní pàdánù púpọ̀.

Fún LFP 12.8 fóòtì, òpin gbígba iná wà láàárín 14.2 àti 14.6 fóòtì. Kọ̀ntírólà tí a ṣe fún bátìrì olójé sábà máa ń ní ètò ìmúdọ́gba tí ń gun òkè 15 fóòtì láti ìgbà dé ìgbà. A gbọ́dọ̀ pa ètò yìí. Bátìrì ni a kọ́kọ́ ń so mọ́ kọ̀ntírólà, lẹ́yìn náà ni páńẹ́ẹ̀lì. Bí a bá fẹ́ tú u, páńẹ́ẹ̀lì ló ń kọ́kọ́ kúrò.

Ewu orí omi

Inú bátìrì LFP ni BMS wà, ẹ̀rọ kékeré tí ń já bátìrì kúrò bí fóòtì bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù. Nínú ilé, òkùnkùn lásán ni yóò fà. Lórí ọ̀sà Èkó ní òru, gbogbo àtùpà ọkọ̀ ni yóò kú lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ oníyanrìn ti ń kọjá. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àtùpà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ní bátìrì kékeré tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bá sì ń gba iná sínú bátìrì kan náà, jíjá tí BMS bá já lójijì lè mú fóòtì ga sókè kí ó sì jó ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní alternator. Ẹ̀rọ DC-DC tí a so sáàárín wọn ni ó ń dènà èyí.

Omi iyọ̀ a máa jẹ bàbà. Wáyà tí a fi tánganran bò pẹ́ jù lórí òkun, fíùsì sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì, kì í ṣe ní òpin wáyà. Bí òjìji ìbòrí tàbí òpó bá bo apá kékeré lára páńẹ́ẹ̀lì, iná tí ń jáde lè dín kù gan-an. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń so páńẹ́ẹ̀lì méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn dípò kí wọ́n tò wọ́n léra. Àlàfo díẹ̀ lábẹ́ páńẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn tù ú. Bátìrì kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹ́ńjìnì, nítorí ooru ń gé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú. Bí a bá fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ìdajì ni a ń fi bátìrì sí, a kì í fi í sílẹ̀ ní kíkún.