Gééjì Mélòó?

"Ọ̀gá, gééjì mélòó?" Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ sí Ìbàdàn, bí fọganáísà àdúgbò wa ti bi mí báyìí, mo ní, "Ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹlòmíì ń gba 30, ẹlòmíì ń gba 40. Èwo ni tiyín?" N kò mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wa mọ́tò náà.

Ìbéèrè ọmọ yìí ló rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000.

Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò àti Harvey Firestone tó ń ṣe táyà, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni wọ́n. Láti 1906 ni Ford ti ń ra táyà lọ́wọ́ Firestone. Ní 1947, ọmọ-ọmọ Ford gbé ọmọ-ọmọ Firestone níyàwó. Ọ̀rẹ́ di àna.

Ní 1990 ni Ford gbé Explorer jáde, mọ́tò gíga tí í gbé gbogbo ẹbí. Firestone ló fún un ní táyà. Àwọn ìwé Ford tó padà hàn síta fi hàn pé kí mọ́tò náà tó jáde rárá, àwọn ẹnjinníà ti ń bẹ̀rù pé ó lè dojú dé bí ènìyàn bá yí ọwọ́ rẹ̀ lójijì. Dídín afẹ́fẹ́ táyà kù wà lára ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i. Gééjì 26 ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa lò.

Ẹ wá wo ohun tí ń bẹ níbẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, bó ti ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ tó ń nà, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tí yóò fi gbóná tí yóò sì já. Bí oòrùn bá mú, tí ẹrù wúwo, tí eré sì pọ̀, rọ́bà òkè á ṣí kúrò lára táyà lójú eré. Àwọn ìpínlẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bíi Texas, Florida àti Arizona ni ọ̀ràn yìí ti pọ̀ jù. Òkú 271 ni ìjọba kà ní Amẹ́ríkà nìkan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone ní kí wọ́n dá táyà 6,500,000 padà. Ni ìjà bá dé. Firestone ní gééjì 26 ti kéré jù, 30 ló yẹ. Ford ní irọ́ ni, táyà Goodyear wà lára Explorer mìíràn ní 26 kan náà, kò sì ṣe báyìí. Ìjọba ṣe ìwádìí, wọ́n ní àbùkù wà lára táyà náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2001, Firestone kọ̀wé pé òun kò ta táyà fún Ford ní Amẹ́ríkà mọ́. Alága Ford nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ìdílé méjèèjì ló wà lára rẹ̀!

Ní tèmi o, n kò gbà pé ẹnì kan ló jẹ̀bi. Táyà tó dára pàápàá ń sọ bíi gééjì kan nù lóṣù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 30 tí kò wò ó fún oṣù mẹ́fà, ó ṣì kù ní 24. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 26, 20 ló kù sí, kò sì mọ̀. Àyè ìgbàgbé tí àwa èèyàn nílò ni wọ́n gé kúrò.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn náà ló bí iná kékeré tí ń tàn níwájú dírẹ́bà bí ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ táyà bá ti lọ. Láti oṣù kẹsàn-án 2007 ló ti di dandan lára gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun wọn, òun náà ló sì ń bá tòkunbọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan ti ń tàn nínú tèmi láti bí oṣù mélòó kan. Mo ṣe bí wáyà ló já ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo bẹ̀rẹ̀ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀: 33. Mo sọ fún ọmọ náà. Ó ti gééjì bọ ẹnu táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wò ó, ó tún un tì bọ̀ ọ́, ó wá gbé e wá síwájú mi kí n fi ojú ara mi rí i.

19 ni.