Ojúde Ọba àti Gbọ̀ngàn Ìlú ní Ìlọrin

Ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gágun Ibrahim Taiwo, ẹni tí ó ṣe gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Kwara láti 1975 títí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi pa á ní oṣù kejì 1976. Ìsọ̀ fara kan ìsọ̀ níbẹ̀. Agbára káká ni ẹni tí ó rẹ̀ fi ń rí ìdí igi jókòó sí. Bí a bá ní kí a kọ́ gbọ̀ngàn ìlú síbẹ̀, kí igi àti koríko sì yí i ká, èmi yóò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí yóò ya àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè pé: ta ni yóò ni koríko náà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà. Ní 1917, ìjọba Lugard ṣe òfin lórí ètò ìlú. Wọ́n ní kí àdúgbò àwọn òyìnbó dá dúró, kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 sì wà láàárín àwọn àti ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri ni, àti nítorí iná. Báyìí ni pápá tútù ṣe di ààlà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa kò ṣàìní ilẹ̀ gbalasa tiwa. Iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà ní ìlú Yorùbá, igi ọdán a sì ṣíji bò ó: ibẹ̀ ni a ti ń ná ọjà, tí a ti ń jó, tí àlejò ti ń sinmi kí ó tó béèrè ilé ẹni tí ó ń wá. Nígbà tí ìjọba Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Àlímì, ètò yìí kò parun. Mọ́sálásí ni ó kún un. Ní àkókò Iléyá, àwọn ẹlẹ́ṣin ṣì ń wá kí Ẹ́míà ní ojúde rẹ̀.

Ẹ wo Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929. Orí òkè ni wọ́n gbé e kà, pẹ̀lú òpó gàgàrà bí ti àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Lójú tèmi, Ọjà Ọba tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó di ilé àwọn ìjòyè nìkan. Nígbà tí mo ń kàwé ní London, mo rí ọgbà tí a fi irin yí ká, tí àwọn tí ilé wọn kọjú sí i nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó lẹ́wà púpọ̀. Èmi kò wọ ibẹ̀ rí.

Nítorí náà, kí gbọ̀ngàn Ọ̀nà Táíwò má ṣe ní géètì. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ń tajà níbẹ̀ báyìí, kí wọ́n sì gbin ọdán kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀.