Ìtọ́jú Àrùn Ẹ̀dọ̀ àti ti Inú ní Ilẹ̀ Yewa láti 1889

Àwọn tí ó kọ ìtàn ìwòsàn òyìnbó ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilé ìwòsàn ńlá bá wà. Nípa bẹ́ẹ̀, Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni ó ń gba ojú ìwé. Ilẹ̀ Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, kì í sì í rí ju gbólóhùn kan lọ. Fún àrùn ẹ̀dọ̀ àti ti inú, ọ̀nà ìtàn bẹ́ẹ̀ kò tó. Àrùn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá wò. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn wádìí ni ẹni tí ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, àti ibi tí aláìsàn Ìlaró tàbí Ayétòrò ti lè bá wọn pàdé.

Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Orúkọ tí ń jẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ so àmì méjì pọ̀: ojú tí ó pọ́n àti ìtọ̀ tí ó pọ́n. Àmì méjèèjì náà ni dókítà òde òní ń wò, nítorí pé òróòro tí ẹ̀dọ̀ kò lè darí mọ́ a máa dà sínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa yí àwọ̀ ojú àti ìtọ̀ padà. Jẹ̀díjẹ̀dí, aràn àti inú rírun ní orúkọ tiwọn, wọ́n sì ní ìtọ́jú tiwọn. Iṣẹ́ náà pín láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn: ẹlẹ́wé ọmọ fún ọmọ ọwọ́, oníṣègùn fún àgbà, babaláwo fún ìwádìí ohun tí ó fa àìsàn, lẹ́kùlẹ́jà fún egbò àti èèpo igi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yin ètò yìí ju bí ó ti mọ lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè rí ẹ̀dọ̀ láìla ikùn. Èèpo òrúwọ kan náà ni wọ́n ń sè fún ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí ibà àti fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú ní ẹ̀dọ̀. Àgbo tí wọ́n bá sì fi ogógóró rẹ a máa pa ẹ̀dọ̀ tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lára.

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 1889 la ilẹ̀ náà sí méjì. Kétu àti Pobẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaró àti Ayétòrò wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbátan kò pín bí ilẹ̀ ti pín, aláìsàn sì ń tẹ̀lé ìbátan rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ní òdì kejì. Ilé ìwòsàn tí àwọn Fàdá Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Làǹtòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895, níbi tí Fàdá J.-M. Coquard ti ṣiṣẹ́ títí di ikú rẹ̀ ní 1933, wà ní òde ilẹ̀ Yewa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ńlá tí ó tẹ̀lé e.

Ìbàdàn ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ irú ti òde òní ti fìdí múlẹ̀. Wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní 1957. Ní 1960, ní ẹ̀ka tí G. M. Edington ń darí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ, tí ó kó ohun tí oníṣègùn, oníṣẹ́ abẹ àti ẹni tí ń yẹ ẹran ara wò rí sí ojú kan. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín ọkùnrin. Nígbà tí Baruch Blumberg ará Amẹ́ríkà kéde ní 1965 nǹkan tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó wá hàn pé ti àrùn ẹ̀dọ̀ onírú B ni, ó di dandan kí ẹni tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò náà dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ètò tí ó súnmọ́ Yewa jù ni èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn gbé kalẹ̀ ní Igbó-Ọrà ní 1963. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti kọ́ bí a ti ń bá nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́. Ìbàràpá àti àríwá Yewa pààlà. Àgbẹ̀ a máa kọjá láàárín wọn láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ti Ìbàràpá ni ètò náà, nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, Igbó-Ọrà wà ní Ọ̀yọ́, Ayétòrò wà ní Ògùn. Ààlà kejì nìyí, àwọn òpìtàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ṣágámù (1986) àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta (1993) dín ìrìn náà kù, wọn kò mú un kúrò.

Àrùn onírú B ni ó fi hàn jù lọ ìdí tí ìrìn náà fi ṣe pàtàkì. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nígbà ìbí tàbí ní ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó o, ó sì lè wà lára fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìsí ìrora kí ẹ̀dọ̀ tó le tàbí kí jẹjẹrẹ tó yọ. Nígbà tí ikùn bá wú, tí wọ́n gbé aláìsàn dé Abẹ́òkúta, ohun tí oníṣẹ́ abẹ lè ṣe kò pọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú ètò àjẹsára ọmọ ní Nàìjíríà ní 2004. Èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ ara ọmọ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ní abúlé tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn, ìyá agbẹ̀bí ni ó ń wà lọ́dọ̀ abiyamọ ní wákàtí wọ̀nyí, kò sì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta.