Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Batak ní Balige

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Batak jẹ́ ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní musíọ̀mù. Ó wà ní ìlú Balige, ní etí adágún Toba, ní apá àríwá erékùṣù Sumatra ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Ọdún 2011 ni Susilo Bambang Yudhoyono, tí ó jẹ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, ṣí i. Àpilẹ̀kọ yìí sọ ẹni tí àwọn Batak jẹ́, bí ilé náà ṣe dé, àti ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun àṣà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn àti èyí tí ó kù sí inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan.

Àwọn Batak àti ilẹ̀ wọn

Orúkọ àpapọ̀ ni Batak. Ẹ̀yà mẹ́fà ni a sábà máa ń kà mọ́ ọn: Toba, Karo, Simalungun, Pakpak, Angkola àti Mandailing. Èdè wọn bára tan, ṣùgbọ́n ọmọ Toba kì í gbọ́ èdè Karo bí kò bá kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Toba jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mandailing sì jẹ́ Mùsùlùmí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gba orúkọ àpapọ̀ yìí. Àwọn Mandailing kan kò fẹ́ kí a pe àwọn ní Batak rárá. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé àwọn Toba jù lọ, nítorí pé ilẹ̀ wọn ni Balige wà.

Ní nǹkan bí ọdún 74,000 sẹ́yìn ni òkè ayọnáyèéfín kan bú ní ibi tí adágún Toba wà lónìí. Kòtò ńlá tí ó fi sílẹ̀ ni omi kún. Adágún náà gùn tó nǹkan bí 100 kìlómítà, erékùṣù Samosir sì wà láàrin rẹ̀.

Ohun tí ó gbé àwùjọ Toba ró ni Dalihan Na Tolu, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ààrò mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ rí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù yóò tètè lóye rẹ̀. Ààrò kìíní ni hula-hula, ìyẹn ìdílé tí a ti fẹ́ ìyàwó. Ìkejì ni dongan tubu, àwọn ọmọ baba kan náà tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan, èyí tí wọ́n ń pè ní marga. Ìkẹta ni boru, ìdílé tí ó fẹ́ ọmọbìnrin wa. A gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún hula-hula, kí a máa ṣọ́ra láàrin dongan tubu, kí a sì máa fi pẹ̀lẹ́tù bá boru lò. Kò sí ẹni tí ó wà ní ipò kan ṣoṣo: ẹni tí ó jẹ́ boru ní òde òní lè jẹ́ hula-hula ní òde ọ̀la.

Bí ilé náà ṣe dé

Ẹni tí ó dá ilé náà sílẹ̀ ni Tiopan Bernhard Silalahi (1938–2023), ọ̀gágun tí ó fẹ̀yìn tì, tí ó sì ṣe mínísítà láti ọdún 1993 sí 1998. Inú ọgbà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, T.B. Silalahi Center, ni ilé náà wà. Ilé ìgbàlódé ni, ṣùgbọ́n àwọn ilé onígi ayé àtijọ́ wà nínú ọgbà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni apá kan wà tí ó sọ ìtàn ìgbésí ayé olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ní Simanindo, ní erékùṣù Samosir, ilé ìdílé ọba Sidauruk ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1969.

Láti mọ ìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi pọn dandan, a ní láti padà sí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láàrin ọdún 1851 sí 1857, onímọ̀ èdè ará Nẹ́dálándì kan, Herman Neubronner van der Tuuk, gbé ilẹ̀ Batak láti kọ́ èdè náà fún iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ó kó ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ jọ, ó sì ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Batak tí ó jáde ní ọdún 1861. Ní ọdún 1862 ni Ingwer Ludwig Nommensen, míṣọ́nnárì láti Jámánì, dé Sumatra. Ìjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé ró wà lára àwọn ìjọ tí ó tóbi jù ní Indonéṣíà lónìí. Lẹ́yìn náà ni ogun àwọn ará Nẹ́dálándì dé. Ọba Sisingamangaraja XII bá wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí tí wọ́n fi pa á ní ọdún 1907.

Ní àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ohun iṣẹ́ àwọn adáhunṣe kúrò nílé. Wọ́n gba àwọn kan, wọ́n ra àwọn kan, àwọn tí wọ́n yí ẹ̀sìn padà sì fi ọwọ́ ara wọn jọ̀wọ́ àwọn mìíràn. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ rí ìwé Batak àtijọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fi ní láti lọ sí Leiden, Amsterdam tàbí Berlin.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí a dá mọ̀

Ulos ni aṣọ òfì àwọn Batak. Obìnrin ni ó máa ń hun ún, ní ìjókòó sílẹ̀, pẹ̀lú òfì tí ó so mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Hula-hula ni ó ń fi í bo boru léjìká: nígbà oyún, nígbà ìgbéyàwó àti nígbà ikú. Wọ́n gbà pé ó ń mú tondi, ìyẹn ẹ̀mí ènìyàn, gbóná. Èyí tí wọ́n ń pè ní ragidup wà lára àwọn tí ó níyì jù.

Gorga ni ọnà tí wọ́n ń fín sí iwájú ilé, tí wọ́n sì ń fi pupa, dúdú àti funfun kùn. Ọmọńlé àti ọmú obìnrin sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Gondang ni orin ìlù, tí ó ní ìlù taganing, fèrè sarune àti àwọn agogo ńlá tí wọ́n ń pè ní ogung. Ijó rẹ̀ ni tortor. Àwọn míṣọ́nnárì lòdì sí i nítorí pé wọ́n ń fi í pe ẹ̀mí àwọn baba ńlá.

Sigale-gale ni ère igi tí wọ́n ń fi okùn darí kí ó lè jó. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó kú láìní ọmọkùnrin ni wọ́n máa ń ṣe é fún. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò ni ó sábà máa ń jó fún.

Pustaha ni ìwé àwọn datu, ìyẹn adáhunṣe. Èèpo igi alim ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á ká a ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, wọ́n á sì fi pátákó ṣe èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Àyẹ̀wò, ìwòsàn, ìdáàbòbò àti mímọ ọjọ́ rere sí ọjọ́ burúkú ni ó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó wà láàyè àti ohun tí ó dákẹ́

Bí a bá gbé ulos kan sínú gíláàsì ní Balige, ìyá àgbà èyíkéyìí tí ó bá wọlé lè sọ ẹni tí ó yẹ kí ó fún ẹlòmíràn ní irú rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó yẹ. Àṣà náà ṣì wà ní òde. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Ẹ̀sìn tuntun kò pa á: àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì Toba ṣì ń fi ulos bo ọkọ àti ìyàwó, gondang náà sì tún ti padà sí òde ìgbéyàwó wọn.

Ti pustaha kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010 ni wọ́n fi lẹ́tà Batak kún Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà èdè gbogbo mọ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́ lè tẹ orúkọ marga rẹ̀ sórí fóònù. Ṣùgbọ́n kíka lẹ́tà kò tó láti ka pustaha. Èdè ẹ̀kọ́ àwọn datu, tí wọ́n ń pè ní hata poda, yàtọ̀ sí èdè ojoojúmọ́, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ kò ju ìrántí fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ti fi ẹnu kọ́. Nígbà tí wọn kò kọ́ ọmọ-iṣẹ́ mọ́, ìwé wà, àlàyé kò sí.

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé yìí ń ṣe nígbà náà. Fún ulos, gorga àti gondang, ó ń gbé àpẹẹrẹ ohun tí ó dára kalẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣì ń ṣe é. Fún pustaha, ó ń pa ara ìwé mọ́ títí di ọjọ́ tí ẹnìkan yóò lè kà á já. Akẹ́kọ̀ọ́ àṣà tí ó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbikíbi yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ní iwájú ohun kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ṣì mọ̀ ọ́n lò, ta ni ó sì ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀? Bí ìdáhùn bá wà, ẹni náà ni kí ó kọ́kọ́ wá lọ, kí ó tó di pé gíláàsì nìkan ni ó kù.