Ayé Ló Móoru

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á rín. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ta ló mọ ìyẹn ju aláwàdà lọ?

Ní ọdún 2008, Stephen Chow, aláwàdà ará Hong Kong tó ṣe Kung Fu Hustle, gbé CJ7 jáde. Bàbá tálákà kan, lébírà, rí ẹ̀dá kékeré kan tó wá láti ojú sánmà he, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí bàbá yìí kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀dá náà lo gbogbo agbára rẹ̀ tán láti jí i dìde. Fíìmù ẹ̀rín ni, àmọ́ ó ń pani lẹ́kún.

Lójú tèmi, Baba Sàlá ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú. Ní 1982 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, òun kan náà tó darí Aiyé fún Ògúndé ní 1979. Ọ̀sọsà, ìlú Ògúndé, kò kúkú jìnnà sí wa ní Ìjẹ̀bú-Òdé níbí. Nínú Aiyé, àwọn àjẹ́ ń dẹ́rù bani, ogun ni wọ́n ń bá ọmọ aráyé jà.

Ti Baba Sàlá yàtọ̀ jàre. Gbájúẹ̀ kan tàn án pé owó máa kún inú àgbá fún un. Gbogbo ohun tó ní lọ, ló bá di ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ayé sú u, ó bẹ́ sómi. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ọ̀run, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọ́n sì fún un lẹ́yin tí owó wà nínú rẹ̀ kó máa mú bọ̀ wálé. Àbí ẹ ò rí i? Ọ̀run tí wọ́n ní ó móoru yìí ṣàánú rẹ̀ ju ayé lọ.

Ohun tó dùn mí nìyí: àwọn kan jí fíìmù náà, wọ́n dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Baba Sàlá tó fi owó ṣe é bọ́ sínú gbèsè, bíi ti ẹni tó ṣe nínú eré gẹ́lẹ́. Ó kú ní Iléṣà ní 2018.

Ẹ rántí o, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ da fíìmù ẹlòmíì kọ. Ará ọ̀run ló fún un lẹ́yin. Àwa ará ayé la gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.