Ọdún Lúkúlúkú ní Ìgbèríko Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú

Nígbà tí àrùn kòrónà kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, Ewékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ara ti kọ́kọ́ ń ni àlejò ará Ítálì tí ó gbé e wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí. Ṣùgbọ́n ojú irin tí ó gba agbègbè Ewékorò kọjá ni àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn gbà wọ ìgbèríko Ẹ̀gbá ní ọdún 1918, ìtàn ti ìgbà náà ni mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ọkọ̀ òkun ni ó gbé àrùn náà, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní lúkúlúkú, dé èbúté Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìjọba ti ilé ìwé àti ilé ìjọsìn pa, wọ́n sì rán àwọn wolé-wolé láti máa wá aláìsàn kiri láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ará Èkó gbé aláìsàn wọn pamọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbé wọn bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi, wọ́n forí lé ìlú baba wọn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí a ṣe láti sé àrùn mọ́ Èkó ṣe ràn án lọ́wọ́ láti dé oko.

Ta ni yóò wá dá a dúró lóko? Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìjọba tí ó wà níbẹ̀. Títí di ọdún 1914, Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀, tí àdéhùn ọdún 1893 fi ọwọ́ sí. Lẹ́yìn ìpànìyàn Ìjẹmọ̀, Lugard fòpin sí i. Nínú ètò tuntun, Aláké Gbádébọ̀ nìkan ni ìjọba wá ń kà sí aláṣẹ. Àwọn Ògbóni àti Olórógun, tí ọba kì í dá ọ̀rọ̀ ṣe láìsí wọn, di ará ẹ̀yìn. Wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn ènìyàn lọ la ọ̀nà láìgba kọ́bọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1918, owó orí dé. Ní oṣù kẹfà, ará oko dìde. Èyí ni ogun Adùbí. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè ní ìhà gúúsù Abẹ́òkúta, wọ́n gé wáyà, wọ́n sì pa ọba Òkè-Ọnà. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kó tì wọ́n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó sì bá a lọ. Èéfín ìbọn kò tíì ká nílẹ̀ tán tí lúkúlúkú fi dé.

Bí àṣẹ kankan yóò bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba dé abúlé lásìkò náà, ẹnu tí ó kéde owó orí ni yóò kéde rẹ̀. Akọ́dà tí ó fa ọmọ ẹni lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà ni yóò padà wá béèrè ẹni tí ara rẹ̀ gbóná nínú ilé. Èmi kò mọ baba tí yóò dá a lóhùn. Dókítà kò tó nǹkan, ogun àgbáyé sì ti kó nínú wọn lọ.

Kì í ṣe pé ìgbèríko kò ní ìlànà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí Ilẹ̀ẹ́gbóná bá wọ ìlú, a kì í lùlù, a kì í pé jọ, a kì í sì í sunkún òkú. Àwọn àwòrò Ṣọ̀npọ̀nná ni wọ́n ń sin òkú náà sínú igbó. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yìn wọ́n: ẹrù òkú ni wọ́n ń kó, ìrẹ́jẹ àti ìdẹ́rùbà sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ni ìjọba fi fòfin de ẹgbẹ́ wọn, kò sì fi ohun kan dí àlàfo náà ní abúlé. Lúkúlúkú kò tilẹ̀ yọ ilé sí ènìyàn lára bí ìgbóná. Òrìṣà wo ni a ó wá kà á sí lọ́rùn?

Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18. Àbá ni. Ìgbèríko ní ìwé owó orí, ṣùgbọ́n kò ní ìwé òkú.

Ní Ìjẹ̀bú, ibòmíràn ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣàdáre kó ẹgbẹ́ àdúrà kan jọ. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ ní Ìsónyìn, tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, sọ pé òun gbọ́ ohùn tí ó ní kí àwọn aláìsàn máa lo omi òjò. Kò sí ẹni tí ó yàn án sípò, kò sì ní akọ́dà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e. Omi òjò kò wo lúkúlúkú, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ń bẹ aláìsàn wò, wọn kò sì béèrè owó lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pè é. Àrùn lọ, wọn kò tú ká. Ohun tí wọ́n rí ní ọdún náà mú wọn kọ òògùn sílẹ̀ pátápátá, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Ọ̀rọ̀ òògùn yìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti bíṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fi kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1922. Lára wọn ni a ti ka àwọn tí ó wá di Ìjọ Àpósítélì Kristi.