Àìsàn Chiari àti Iṣẹ́ Abẹ Rẹ̀

Àìsàn Chiari jẹ́ àìsàn tí kò wọ́pọ̀, nínú èyí tí ìsàlẹ̀ ọpọlọ kékeré tí ó fi ìpàkọ́ ṣe ibùgbé ń gba ihò ìdí agbárí yọ́ wọ inú ọrùn. Hans Chiari, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Prague, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1891. Bí aláìsàn bá wúkọ́ tàbí ó sín, ìpàkọ́ a máa fọ́ ọ.

Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú: nígbà tí ọ̀nà bá dí mọ́ omi tí ń ṣàn yí ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká, ihò olómi lè là sí àárín mùdùnmúdùn náà gan-an, aláìsàn a sì di ẹni tí ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ láìmọ̀ pé ìka òun ń jóná, bẹ́ẹ̀ bí a bá fi òwú kàn án lọ́wọ́, ó mọ̀ ọ́n dájú.

Ẹni tí kò ní ìnira, ṣíṣọ́ ni a ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ìnira bá ń pọ̀ sí i, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ a dá a dojú bolẹ̀, a la ìpàkọ́ rẹ̀, a gé díẹ̀ kúrò nínú eegun ìdí agbárí àti ẹ̀yìn eegun ọrùn àkọ́kọ́, a sì sábà rán ìlẹ̀pọ̀ mọ́ awọ tí ó bo ọpọlọ kí àyè lè gbà á. Ihò olómi inú mùdùnmúdùn náà sábà máa ń súnkì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Ìmọ̀lára tí ó ti kú ni kì í fi bẹ́ẹ̀ jí padà. Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ iná mọ́, kí ó tètè wá oníṣègùn lọ.